Bí a ṣe ń la igbó tí kò lọ́nà dé ìdí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, tí a sì ń padà

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti dé Erin-Ìjẹ̀ṣà, tí kò jìnnà sí títì tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ nínú ìpele méje tí Olúmirìn, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ibẹ̀, fi ń já bọ̀ láti orí òkè. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì padà, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn wí, nítorí pé ọ̀nà tí a là dáadáa ni ó gbé wọn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni ọ̀nà náà ń tín-ín-rín sí i, títí yóò fi di ipa ẹsẹ̀ lásán, tí ipa ẹsẹ̀ náà yóò sì wọnú ewé lọ. Lára òkè kan náà, tí ó nà lọ sí apá Ẹ̀fọ̀n-Alààyè àti Ìpólé-Ìlórò níbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Àrìnta wà, àwọn odò kéékèèké mìíràn wà tí wọ́n ń já lórí àpáta ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò la ọ̀nà dé, tí ó jẹ́ pé àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ wọ́n. Irú ibẹ̀ ni àlàyé yìí wà fún.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ: ọ̀nà àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá ọ̀nà àlọ. Ẹni tí ó ń lọ sí ìdí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ní ariwo omi tí ń pè é, ara rẹ̀ sì le. Ẹni tí ó ń bọ̀ kò ní ohun tí ń pè é, ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú ọjọ́ sì ń rẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe ní àárọ̀, láti orí àsìkò tí ẹ gbéra títí dé orí bí ẹ ṣe ń wo igi ní ẹ̀gbẹ́ yín, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni.

Ẹ wọ ìlú kí ẹ tó wọ igbó

Kò sí igbó ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní olúwa. Ibi tí ó dà bí aginjù lójú àlejò lè jẹ́ ilẹ̀ ìdílé, ó lè jẹ́ oko kòkó tí a pa tì láti ìgbà baba ńlá ẹnì kan, ó lè jẹ́ igbó orò, ó sì lè jẹ́ igbó tí ìjọba dá sí. Nítorí náà, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí ọba abúlé tí ó súnmọ́ odò náà jù, ó kéré tán ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wọ igbó. Ẹ kí wọn bí ó ti yẹ, ẹ sọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ti wá, ẹ sọ iye ènìyàn tí ẹ jẹ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ wò láìfi ohunkóhun pamọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n: ta ni ó ni ilẹ̀ tí ẹ máa gbà kọjá, ṣé ọjọ́ tí ẹ mú kò bọ́ sí àsìkò orò tàbí ọdún odò náà, àti pé ọdẹ wo ni ó mọ ibẹ̀ dáadáa. Ìbéèrè kejì kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe ọ̀wọ̀ lásán. Bí orò bá wà ní ìta, obìnrin kò gbọdọ̀ jáde, bí àwọn obìnrin bá sì wà láàrin yín, ẹ ti kó wọn sínú wàhálà tí ìbéèrè kan péré ì bá ti yẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni ó tẹ̀ lé e. Igbó wa kò rí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀; ìjínigbé ti sọ ọ̀pọ̀ igbó di ibi tí àgbẹ̀ pàápàá ń bẹ̀rù láti lọ, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ó ń lọ sí oko lójoojúmọ́, nítorí pé àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ àjèjì. Bí wọ́n bá sọ pé igbó náà kò dára lásìkò yìí, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì padà sílé. Mi ò rí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Ọdẹ tí yóò mú yín lọ ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ èyíkéyìí tí ẹ lè rà. Ẹ fẹnu kò lórí owó rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ fi oúnjẹ tirẹ̀ kún ẹrù, ẹ sì jẹ́ kí ó wà níwájú. Bí ẹ bá pàdé ọdẹ mìíràn lọ́nà, ẹ kí i pé “Àrìnpa o”. Bí ẹ bá kọjá lẹ́bàá àgbẹ̀, ẹ sọ pé “Àroko bọ́dún dé o”. Ẹni tí ó kí ènìyàn láti òkèèrè ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ni òun, kì í ṣe ẹran, kì í sì í ṣe olè. Fún ìdí kan náà, aṣọ pupa tàbí ti olómi ọsàn ni ó yẹ kí ó wà lára yín. Aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé gbígbẹ lè mú kí ọdẹ rò pé ẹtu ni, èyí tí ó bá sì jọ ti ológun lè dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀ fún yín lójú ọ̀nà.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ààlè pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ṣùkù àgbàdo, àkísà tàbí ìkarahun ìgbín tí a so kọ́ igi tàbí tí a fi lélẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ẹni tí ó ni ibẹ̀ ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan òun. Màrìwò tí a ta sí ẹnu igbó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ibi ọ̀wọ̀ ni, ẹ ò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó yá jù gbà kọjá. Ẹ yí i po, kí ẹ má sì yà á ní fọ́tò.

Àsìkò tí ó dára

Ní oṣù kejì ọdún, omi lè ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi bá àpáta tí ń sun omi díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù keje àti ìkẹsàn-án, òjò pọ̀, odò kún, gbogbo àpáta sì ń yọ̀. Àárín ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé òjò ti ń lọ, ilẹ̀ ti ń gbẹ, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà sì lágbára síbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé pátápátá, ẹ máa ṣọ́ra fún iná tí wọ́n ń dá sí igbó, kí ẹ sì máa ṣọ́ wèrèpè, nítorí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èso rẹ̀ máa ń gbẹ, tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì lè gbọn irun rẹ̀ dà sí ènìyàn lára.

Ẹ ka wákàtí ọjọ́ náà dáadáa. Ní oṣù kọkànlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:30 ìrọ̀lẹ́ ní apá ibí yìí, ilẹ̀ kì í sì í pẹ́ ṣú lẹ́yìn náà. Abẹ́ igi ńlá máa ń ṣókùnkùn ṣáájú ìta, àfonífojì tí òkè bò sì máa ń ṣókùnkùn ṣáájú abẹ́ igi. Nínú igbó tí kò lọ́nà, lórí òkè, ẹ má ṣe ka ìrìn yín sí ju kìlómítà kan lọ ní wákàtí kan. Nígbà mìíràn kò ní tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbéra ní aago 7 àárọ̀, ẹ fi aago 12 ọ̀sán ṣe ààlà: bí aago bá ti lù, ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ yí padà. Ẹ sọ ọ́ síta fún gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń lọ kí ẹ tó kúrò lábúlé, kí ó má bàa di àríyànjiyàn ní ibi tí ẹ ti ń gbọ́ ariwo omi.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ nípa àríyànjiyàn yẹn. Nígbà kan, a ti kọjá wákàtí tí a dá, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ omi náà kedere, a sì sọ fún ara wa pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí a ń bọ̀, ìmọ́lẹ̀ ti kéré, a sì gba apá òkè mìíràn sọ̀ kalẹ̀ láìmọ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí a fura ni pé ariwo odò tí ó yẹ kí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa ti bọ́ sí ọwọ́ òsì. A ní láti tún gun gbogbo ibi tí a ti sọ̀, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì méjì fún ènìyàn márùn-ún.

Ohun tí a ń dì lẹ́rù

Ṣòkòtò gígùn àti aṣọ alápá gígùn ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí eégbọn àti ìjàlọ. Bàtà òjò tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ dára fún ejò àti ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ̀ lórí àpáta tútù, bí omi bá sì wọ inú rẹ̀, ó di ẹrù. Bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín jíjìn, tí omi sì lè jò jáde nínú rẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù fún òkè olókùúta. Ẹ má ṣe wọ bàtà tuntun lọ.

Kí olúkúlùkù gbé omi lítà mẹ́ta. Ẹ̀pà, ìpékeré, dòdò Ìkirè àti kúlíkúlí kì í tètè bàjẹ́, wọn kì í sì í gba omi mu bí gàrí. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kan fún ẹnì kan pẹ̀lú bátìrì mìíràn, fèrè kan fún ẹnì kan, báńdéèjì gígùn tí ó máa ń fà, oògùn ojú ọgbẹ́, ìṣáná tí a fi ọ̀rá wé, aṣọ òjò, okùn tí ó tó mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti ìrépé aṣọ aláwọ̀ pupa bí ogún. Ìlò ìrépé aṣọ náà ń bọ̀ níwájú.

Fóònù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ẹ gba àwòrán ilẹ̀ agbègbè náà sórí rẹ̀, irú èyí tí ó ní ìlà tí ń fi gíga ilẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé fóònù lè mọ ibi tí ènìyàn wà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí pé àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ni ó ń gbà. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí bátìrì má bàa tán, ẹ fi àmì sí ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa kọ ipa ẹsẹ̀ yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹ̀mí tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ igi tí ó ṣú àti inú àfonífojì máa ń mú kí ó ṣi ibi tí ẹ wà mú, bí ó bá sì bọ́ sínú odò, ó tán. Kọ́ńpáàsì kékeré kan tí ẹ so mọ́ ọrùn kì í béèrè iná.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo yín, ibi tí ẹ ń lọ, àti aago tí ó yẹ kí ẹ padà dé, kí ẹ fi í sọ́wọ́ ẹnì kan ní abúlé àti ẹnì kan nílé. Ẹ sọ fún wọn aago tí wọ́n máa pe ènìyàn bí wọn kò bá gbúròó yín. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà olórí ọdẹ abúlé náà ni yóò kọ́kọ́ wúlò.

Rírìn nínú ibi tí kò lọ́nà

Ẹni tí ó bá mọ bí òkè àti odò ṣe ń pín kò ní tètè ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tẹsẹ̀ dúró díẹ̀ lórí èyí. Bí ẹ bá ń gòkè lórí apá òkè, èyíinì ni ibi tí òkè na ara rẹ̀ sísàlẹ̀ bí ọwọ́, gbogbo apá ń parapọ̀ bí ẹ ṣe ń lọ sókè, wọ́n sì ń gbé yín lọ sí ibì kan náà. Bí ẹ bá ń sọ̀, wọ́n ń pínyà, ẹ̀ẹ̀kan náà tí ẹ bá sì ṣì í yàn, ẹ ó já sí àfonífojì mìíràn. Odò jẹ́ òdìkejì èyí. Bí ẹ bá ń tọ odò lọ sókè, yóò máa pín sí méjì ní ibi tí odò kéékèèké ti ń dà sínú rẹ̀, ẹ ó sì ní láti mọ èyí tí ẹ máa tọ̀. Bí ẹ bá ń tọ̀ ọ́ bọ̀ wálẹ̀, gbogbo wọn ń pàdé. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn ibi tí ó lè ṣì yín lọ́nà ní ìrọ̀lẹ́ ni ibi tí apá òkè ti pínyà, àwọn ibi náà kò sì ní hàn sí yín ní àárọ̀ àfi bí ẹ bá yíjú padà.

Nítorí náà, ẹ máa yíjú padà. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ dúró, ẹ kọjú sí ibi tí ẹ ti wá, ẹ wo bí yóò ṣe rí lójú yín nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Igi ọ̀pẹ tí ó tẹ̀ sí ọ̀tún ní àárọ̀, òsì ni yóò tẹ̀ sí ní ìrọ̀lẹ́. Ní gbogbo ibi tí odò méjì ti pàdé àti ibi tí apá òkè méjì ti parapọ̀, ẹ ya fọ́tò sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì so ìrépé aṣọ pupa kan mọ́ ẹ̀ka ní ìwọ̀n ojú ènìyàn, ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹni tí ń bọ̀ máa rí. Ẹ ka iye tí ẹ so. Ẹ máa tú u bí ẹ ṣe ń padà, bí iye rẹ̀ kò bá sì pé, ẹ ti mọ̀ pé ẹ fo ibì kan. Àwọn ọdẹ ní ọgbọ́n tí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré tẹ̀ láìgé e já, kí ẹ̀yìn ewé rẹ̀ tí ó funfun kọjú sókè, ó máa ń hàn láti òkèèrè nínú ewé tútù.

Ẹ má ṣe tẹ̀ lé inú odò fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí odò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí ẹ ti lè máa gbọ́ ọ, kí ẹ sì máa rìn lórí ilẹ̀ tí ó ga jù ú lọ díẹ̀. Òkúta bèbè odò máa ń yọ̀, ìtàkùn máa ń pọ̀ níbẹ̀ nítorí pé oòrùn ń kan ilẹ̀, ejò sì fẹ́ràn ibẹ̀. Òkè Ẹ̀fọ̀n tí mo ń sọ yìí jẹ́ irú àpáta tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite. Ó le ju àwọn àpáta àyíká rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí òjò fi wẹ tàwọn yòókù lọ tí òun dúró, tí omi sì fi ń já lórí rẹ̀ ní ìpele ìpele. Ó máa ń fọ́ sí òkúta onígun tí etí rẹ̀ mú, ewé gbígbẹ sì máa ń bo àlàfo àárín wọn. Ẹ fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹ má sì ṣe di igi mú láìgbọ̀n ọ́n wò, nítorí pé igi tí ó ti rà máa ń dúró bí alààyè. Bí ibi tí ẹ ń gùn bá ga, kí ẹnì kan kọ́kọ́ gun tán kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀, kí òkúta tí ó bá yẹ̀ má bàa bá ẹni tí ó wà nísàlẹ̀.

Ẹni tí ó mú àdá níwájú gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ tó mítà mẹ́ta. Kí ó má ṣe gé ohun tí ó lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọjá. Igi wẹ́rẹ́ tí a fi àdá bẹ́ ní ìdábùú máa ń fi èèkàn ṣóńṣó sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣubú lé e lórí yóò fara pa ju ẹni tí ejò lé lọ.

Pàkúté àti ebìtì wà nínú igbó wa. Ibi tí ẹ̀ka ti tò bí ọgbà kékeré, tí ó fi ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹ má ṣe gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá. Ibẹ̀ ni ọdẹ ń dẹ ẹran sí. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wúrà wà nínú rẹ̀, ẹ tún máa ṣọ́ kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀, pàápàá ní ibi tí ilẹ̀ pupa tàbí yẹ̀pẹ̀ funfun ti jọ òkìtì. Odò tí ó bá gba irú ibẹ̀ kọjá, ẹ má ṣe mu nínú rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ sè é, nítorí pé sísè kò lè mú oró tí ó bá ti inú kòtò wá kúrò. Ti odò mìíràn, ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹ tó mu ún.

Nígbà tí ẹ bá dé ìdí omi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sáré. Wíwo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti ibi tí ó jìnnà díẹ̀ ni ó dára jù, nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín tí òṣùmàrè sì yọ nínú ìkùukùu omi náà; kò sí ohun tí mo rí nínú igbó tí ó tún máa ń mú mi dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dúró sí abẹ́ ibi tí omi ti ń já gan-an, nítorí pé omi tí ń gbé ewé wá lè gbé òkúta àti ìtì igi wá pẹ̀lú. Ẹ má ṣe bẹ́ sínú adágún ìsàlẹ̀ rẹ̀: ẹ ò rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, omi tí ó ń já sí i sì ń fa nǹkan sísàlẹ̀. Orí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà, níbi tí omi ti ń kúrò lórí àpáta, ni ó burú jù. Ẹ má ṣe sọdá odò níbẹ̀ láé. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀bọ̀rọ̀ tí ó ń hù lórí àpáta tí omi ń gbà kọjá kì í hàn, ẹsẹ̀ kan péré sì ti tó.

Bí ẹ bá ní láti sọdá odò, ẹ wá ibi tí ó fẹ̀, nítorí pé níbi tí odò ti fẹ̀ ni kì í jìn. Bí omi bá kọjá orúnkún, tí ó sì ń sáré, ẹ padà. Ẹ tú okùn ìgbáyà àpò ẹ̀yìn yín kí ẹ lè bọ́ ọ sílẹ̀ bí ẹ bá ṣubú, ẹ kọjú sí òkè odò, ẹ fi ọ̀pá ṣe ẹsẹ̀ kẹta, kí ẹ sì máa gbé ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan.

Òjò tí kò rọ̀ lórí yín lè rọ̀ lórí òkè. Bí omi tí ó mọ́ bá ṣàdédé di pupa, bí ewé àti ìdọ̀tí bá pọ̀ lójú rẹ̀, tàbí bí ariwo rẹ̀ bá yí padà, ẹ fi gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀, kí ẹ sì gun òkè lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe padà lọ mú bàtà.

Ọ̀rá omi, ike àti ìyókù oúnjẹ yóò bá yín padà. Bí ẹ bá bá ìkòkò, aṣọ funfun tàbí obì ní ẹ̀bá omi, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a.

Bí nǹkan bá yí

Bí ẹ bá ṣìnà, ẹ jókòó. Ẹ mu omi, ẹ jẹ nǹkan, ẹ wo fọ́tò tí ẹ ti yà, kí ẹ sì padà sí ibi tí ẹ mọ̀ gbẹ̀yìn bí ẹ bá lè rí i láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹni tí ó ṣìnà tẹ̀ lé odò lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi dé ìlú. Ní ilẹ̀ tí ó tẹ́, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní òkè tí odò ti ń já ní ìpele méje, ìmọ̀ràn yẹn lè pa ènìyàn, nítorí pé ibi tí yóò gbé e dé ni orí àpáta tí kò ṣeé sọ̀, bóyá nínú òkùnkùn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má ṣe rìn mọ́. Ẹ kúrò ní ẹ̀bá odò, ẹ wá ibi tí kò sí igi gbígbẹ lókè orí yín, ẹ wọ aṣọ òjò, kí ẹ sì máa fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàrin. Àwọn tí ó ní orúkọ yín lọ́wọ́ ń wá yín bọ̀.

Ti ejò: ọká àti paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá fún ẹsẹ̀ ènìyàn, àwọ̀ ewé gbígbẹ tí ó wà lára wọn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà ẹ má ṣe da ẹsẹ̀ kọjá igi tí ó wó láìkọ́kọ́ gun orí rẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má ṣe lé e láti pa á. Ẹ dá ẹni náà jókòó, ẹ bọ́ òrùka, aago àti bàtà rẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú, ẹ fi igi méjì àti báńdéèjì di ẹsẹ̀ tàbí apá náà kí ó má bàa mì, kí ẹ sì gbé e. Kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ má ṣe gbẹ́ ojú ọgbẹ́, ẹ má ṣe fi ẹnu fa oró, ẹ má sì ṣe fi okùn dì í pinpin, nítorí pé okùn lè ba ẹsẹ̀ tí oró kò bà jẹ́. Oògùn tí ó ń pa oró ejò ni ó lè gbà á là, ilé ìwòsàn sì ni ó wà. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní in. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe èyí tí ó súnmọ́ ibi tí ẹ ń lọ. Ní apá Erin-Ìjẹ̀ṣà, mo máa kọ́kọ́ pe Wesley Guild ní Iléṣà, tí ó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, láti béèrè bóyá oògùn náà wà lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Wèrèpè kì í pani, ṣùgbọ́n ó lè dá ìrìn dúró. Ẹ má ṣe họ ara, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra ojú. Ẹ bọ́ aṣọ tí ó kàn, ẹ fi téépù tàbí ohun mìíràn tí ó lẹ̀ yọ irun rẹ̀ kúrò lára, kí ẹ tó fi omi púpọ̀ fọ ibẹ̀. Bí agbọ́n tàbí oyin bá tú, ẹ bo orí àti ojú, ẹ sá gba inú igbó tí ó dí, ẹ má sì ṣe bẹ́ sínú omi, nítorí pé wọ́n lè dúró dè yín lókè rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá padà dé abúlé, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí orúkọ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé gbogbo yín ti dé, kí wọ́n má bàa rán ènìyàn wọ igbó lálẹ́ nítorí yín. Ẹ san ìyókù owó ọdẹ náà. Ẹ yẹ ara yín wò lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn orúnkún, ní abíyá àti ní ìdí etí, kí ẹ sì yọ eégbọn tí ẹ bá rí. Ẹ̀bá omi tí ó ń yára ṣàn tún ni kòkòrò dúdú kékeré tí ń gbé àìsàn ìfọ́jú kiri máa ń yé ẹyin sí, ọ̀sán ni ó sì máa ń jẹ ènìyàn. Bí ibà, ara yíyún tàbí ìtọ̀ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ bá yọjú láàrin ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ sí i, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti wọ odò, kí ẹ sì dárúkọ odò náà fún un.